Àwọ̀n Lórí Tòmátì: Ká Fi Ojú Wa Rí I Ká Tó Fi Owó Wa Sí I

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti oṣù yìí, ọ̀rọ̀ tòmátì ni. Kí ẹ̀yin oníṣu, ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti ẹ̀yin aláṣọ má sọ pé kò kàn yín. Owó alájẹṣẹ́kù ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, gbogbo wa la sì jọ ń dá owó yẹn. Owó ilé ìwé ọmọ wà nínú rẹ̀. Owó tí opó fẹ́ fi tún ìsọ̀ rẹ̀ ṣe wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá lè kà, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé tó kọjá rántí bó ṣe rí. Ọkùnrin kan wá bá wa, ó kó àwọ̀n lọ́wọ́, oríṣi mẹ́rin: pupa, búlúù, dúdú, àti funfun kan tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní tí a bá ta àwọ̀n yìí sórí oko tòmátì, a ó máa ká tòmátì láti oṣù Kìn-ín-ní dé oṣù Kejìlá, a kò ní máa wo ojú ọkọ̀ Òkè Ọya mọ́. Ó ní kí ẹgbẹ́ yọ owó nínú alájẹṣẹ́kù, ká fi ra àwọ̀n fún àwọn àgbẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ sì máa fi tòmátì san án padà fún wa. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn ní ká má tiẹ̀ dá a lóhùn. Wọ́n ní tòmátì abẹ́ àwọ̀n, tòmátì òjìji ni, omi lásán ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti rà á rí, ó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ariwo pọ̀ débi pé Ìyálọ́jà ní ká tú ká, kí ìgbìmọ̀ lọ wádìí.

A ti lọ wádìí. Àbọ̀ rẹ̀ la fẹ́ jẹ́ fún yín báyìí. Ká má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, èrò wa nìyí: àwọ̀n dára, iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ní ìgbà tirẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ oṣù méjìlá. Bí a bá kó owó wa lé e ní ìgbà tí kì í ṣe tirẹ̀, owó yẹn lọ nìyẹn.

OHUN TÍ A RÍ LÓKO

Èèyàn mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ rán lọ sí oko kan lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Àgbẹ̀ tó ni oko náà kò ta àwọ̀n, kò sì bá ẹni tó ń ta àwọ̀n ṣe. Irúgbìn kan náà ló gbìn, ọjọ́ kan náà, ajílẹ̀ kan náà, omi kan náà. Ó ta àwọ̀n pupa sórí ebè mélòó kan, ó ta funfun tó ń dán sórí òmíràn, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún oòrùn. Oṣù Kẹta la lọ. Ẹ mọ bí oòrùn oṣù Kẹta ṣe máa ń ta. Àwọn kan nínú tòmátì náà ṣì ń tanná, àwọn kan ti ń pọ́n.

Ní gbangba, òdòdó ti já bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi bí ẹni gbọn ọ́n. Ewé ká jọ bí ìgbà tí èèyàn ká ẹní. Nínú àwọn tó ti so, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oòrùn ní àmì funfun ràbàtà, ó rọ̀, bí ibi tí omi gbígbóná dà sí lára. Àwọn kan ti sán lọ́rùn. Àwọn kan kọ̀ láti pọ́n dáadáa, wọ́n pupa nísàlẹ̀, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú lókè. Ẹ̀yin onítòmátì mọ irú rẹ̀, oníbàárà á gbé e, á wò ó, á sì gbé e padà.

Lábẹ́ àwọ̀n, ewé tẹ́ rẹrẹ. Òdòdó dúró lórí igi. Èso pọ́n dọ́gba, a kò rí èyí tí oòrùn jó.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Igi abẹ́ àwọ̀n ga ju ti gbangba lọ, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó pọ́n. Ní ìpẹ̀kun oko, àgbẹ̀ náà ní àwọ̀n ṣẹ́kù, ó sì fi lé ti tẹ́lẹ̀, ó di ìlọ́po méjì. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Igi ibẹ̀ ga gogoro, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń rí èso. Àgbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, «Ẹ̀yin ìyá mi, mo fẹ́ fi aṣọ bò ó, mo wá fi í sínú yàrá.»

A ra àpótí kan nínú ti gbangba, a ra àpótí kan nínú ti abẹ́ àwọ̀n, a gbé wọn sórí àtẹ kan náà nínú ọjà wa. Èyí tí oòrùn ti jó lára ló kọ́kọ́ jẹrà, ó sì kó bá àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti abẹ́ àwọ̀n dúró. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́: èyí tí ara rẹ̀ mọ́ nínú ti gbangba, òun náà dúró bákan náà. A gé méjèèjì, a tọ́ wọn wò. Ti gbangba tí kò lábàwọ́n dùn díẹ̀ ju ti abẹ́ àwọ̀n lọ, nítorí oòrùn ló ń fi ṣúgà sínú èso.

Ẹ̀yin tí ẹ ní omi lásán ló wà nínú tòmátì òjìji, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe àsọdùn pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ó dára jù, ẹ̀yin náà kò parọ́. Apá kan ni oníkálùkù rí.

IṢẸ́ TÍ ÀWỌ̀N Ń ṢE

Tòmátì fẹ́ràn oòrùn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ooru. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Tí ooru ọ̀sán bá ti ń kọjá ìwọ̀n 35 lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru, tí òru náà kò sì tutù, ìyẹ̀fun tó wà nínú òdòdó tòmátì kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Òdòdó á já, kò ní so. Èyí tó bá ti so, bí ooru bá ń ju nǹkan bí 30 lọ lójoojúmọ́, ohun tó ń fún un ní àwọ̀ pupa kò ní jáde tó. Ìdí nìyẹn tó fi ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tí ìtànṣán oòrùn bá sì wá kan ara èso tààrà, tí kò sí ewé tó bò ó, á jó o.

Kí ni àwa náà ń ṣe lọ́jà nígbà tí oòrùn bá mú? Ṣebí agboòrùn la máa ń ta. A kì í wọ inú yàrá lọ tilẹ̀kùn, nítorí oníbàárà kò ní rí wa. Agboòrùn ni àwọ̀n jẹ́ fún tòmátì. Kó dín oòrùn kù ni, kì í ṣe kó lé e lọ.

Ẹ ó rí nọ́ńbà lára àwọ̀n: 30, 40, 50, àwọn kan tó 70. Nọ́ńbà yẹn ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀n náà ń dá dúró. Ti 30 sí 40 ló bá tòmátì mu. Ti 70, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ bo ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Dúdú kò ṣe ju kó dín ìmọ́lẹ̀ kù lọ. Pupa ń yí ìmọ́lẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá padà, ewé á gbòòrò, igi á tètè dàgbà. Búlúù máa ń fa igi sẹ́yìn, á jẹ́ kó kúrú. Funfun tó ń dán ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká kí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ewé tó wà nísàlẹ̀ àti èyí tó fara pa mọ́. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni iṣẹ́ lórí àwọ̀n aláwọ̀ báyìí ti gbilẹ̀ láti àwọn ọdún 1990. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Serbia tẹ àbọ̀ iṣẹ́ tiwọn jáde lórí tòmátì lábẹ́ àwọ̀n pupa, búlúù, funfun àti dúdú. Wọ́n rí i pé oòrùn kò jó èso mọ́, pé èyí tó ń sán dín kù, pé èyí tó ṣeé tà sì pọ̀ sí i. Ohun tí àwa náà fojú rí lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn kò jìnnà sí i.

Ṣùgbọ́n òjò ilẹ̀ òyìnbó kì í ṣe òjò Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè gba ọ̀rọ̀ wọn gbé mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

OHUN TÍ ÀWỌ̀N KÒ LÈ ṢE

Ọkùnrin tó wá bá wa ní àwọ̀n rẹ̀ ń dá kòkòrò dúró. Èyí ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ kò lè gbàgbé ọdún 2016. Afòpiná kékeré kan ni, Tuta absoluta ni orúkọ rẹ̀, àwọn èèyàn ń pè é ní Ebola tòmátì. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ó dé Sípéènì ní 2006, ó sì wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 2015. Ìdin rẹ̀ ń jẹ inú ewé, ó ń lu èso. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti san owó sílẹ̀ fún apẹ̀rẹ̀ tí a kò rí. Àwọn tó yẹ kó kó o wá fún wa kì í ṣe olè, oko wọn ló ṣófo. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tí wọn kò padà sídìí àtẹ lẹ́yìn ọdún yẹn. Ní ọdún 2024, kòkòrò náà tún jà ní Kàdúná, Kánò àti Kàtísínà, ẹ rántí iye tí a ra apẹ̀rẹ̀ kan.

Ojú àwọ̀n ìbòji fẹ̀ ju afòpiná yẹn lọ. Fàlàlà ló máa gbà á wọlé. Àwọ̀n tó ń dá kòkòrò dúró yàtọ̀: ojú rẹ̀ kéré púpọ̀, owó rẹ̀ ga, ibi gbogbo ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ dí, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà tó ní ìlẹ̀kùn méjì. Nítorí pé ojú rẹ̀ kéré, atẹ́gùn kì í fẹ́ dáadáa nínú rẹ̀, ooru á sì tún pọ̀. Ẹni tó bá ní àwọ̀n kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹ bi í kó fi ojú rẹ̀ hàn yín, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ wọ̀n ọ́n.

Èkejì, àrùn inú ilẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ tòmátì èyíkéyìí lágbègbè wa. Òwúrọ̀, igi tutù yọ̀yọ̀. Ìrọ̀lẹ́, ó ti dorí kodò bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí nídìí. Inú ilẹ̀ ni àrùn yẹn ń gbé, ó sì fẹ́ràn ilẹ̀ tó gbóná tó sì tutù, irú ilẹ̀ tiwa yìí. Àwọ̀n tó wà lókè kò lè ṣe nǹkan kan sí ohun tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó ń dín in kù ni kí àgbẹ̀ má gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá síbì kan náà lọ́dọọdún, nítorí ìdílé kan náà ni wọ́n.

Ẹ̀kẹta, òjò. Omi òjò ń gba inú àwọ̀n kọjá. Nígbà òjò, abẹ́ àwọ̀n kì í tètè gbẹ, ewé á tutù pẹ́, àrùn tó ń mú ewé dúdú á sì rí ibi gbé. Ẹni tó bá fẹ́ gbin tòmátì nínú òjò gidi, ọ̀rá ló yẹ kó fi bò ó lókè, kì í ṣe àwọ̀n. Ìyẹn sì jẹ́ owó mìíràn.

ÌGBÀ TÒMÁTÌ ÀTI ÌGBÀ ÀWỌ̀N

Ẹ jẹ́ ká wá wo oṣù ọdún bí àwa ọlọ́jà ṣe mọ̀ ọ́n.

Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹta, tòmátì Òkè Ọya ló ń kún ọjà. Omi ni wọ́n fi ń gbìn ín ní Kadawa àti àwọn oko mìíràn ní Kánò, ní Kàdúná, ní Kàtísínà. Òru wọn tutù, oòrùn wọn mọ́, òjò kò sí. Oko gbangba ni o, kò sí àwọ̀n kankan níbẹ̀, ó sì ń so débi pé a máa ń rí apẹ̀rẹ̀ tí ẹni tó kó o wá kò rí owó ọkọ̀ rẹ̀ lórí rẹ̀. Tí àgbẹ̀ tiwa bá fi owó àwọ̀n gbé tòmátì jáde ní oṣù Kejì, ta ni yóò rà á? Awa gan-an kò ní rà á. A ó ra èyí tó pọ̀.

Láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, ọjà máa ń gbẹ. Ooru ti pa ti Òkè Ọya, kòkòrò ti jẹ lára rẹ̀, tòmátì òjò ti Jọ́ọ̀sì àti Gbókò kò tíì dé tán, tòmátì Yorùbá tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Ìgbà yìí ni a máa ń ka tòmátì lẹ́yọ lẹ́yọ fún oníbàárà, tí ẹ̀ṣà tó ti rọ̀ náà di ohun tí wọ́n ń jà sí.

Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ojú ọ̀run máa ń ṣú lágbègbè wa. Oòrùn kò tó. Ẹni tó bá wá ta àwọ̀n sórí tòmátì nígbà yẹn, ó dà bí ẹni tó wọ agbádá lé kóòtù lọ́sàn-án. Ìmọ́lẹ̀ tí kò tó tẹ́lẹ̀ ló tún ń dín kù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ oṣù Kìn-ín-ní dé oṣù Kejìlá tí ọkùnrin yẹn sọ, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Àwa náà ń ta ọjà, a mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọjà.

Ibo wá ni àwọ̀n ti wúlò? Ẹ bá wa kà á. Kí àgbẹ̀ gbin irúgbìn sínú ilé ìtọ́jú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Kó lọ́ ọ sí ebè ní ìparí oṣù náà. Ní ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin tó bá ń tanná, tó ń so, oòrùn á máa jó gidigidi, ibẹ̀ gan-an la ti nílò agboòrùn. Oṣù Karùn-ún ni kíká á bẹ̀rẹ̀, á sì wọ oṣù Kẹfà. Tí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, kó ká àwọ̀n rẹ̀, kó tọ́jú rẹ̀ síbi tí oòrùn kò sí di ọdún tó ń bọ̀. Oṣù Karùn-ún àti Kẹfà! Ẹ rò ó wò. Ìgbà tí apẹ̀rẹ̀ wọ́n jù lọ ni.

Ọ̀nà tóóró ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ni. Kò sì ní ṣeé gbà láìsí omi, nítorí òjò oṣù Kejì àti Kẹta kì í tó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye epo tí ẹ̀rọ omi ń mu ti kúrò ní ohun tí à ń fojú kéré. Àgbẹ̀ tí kò bá ní omi nítòsí, àwọ̀n kò ní ràn án lọ́wọ́.

Ẹ MÁ FI ORÚKỌ TA TÒMÁTÌ

Àwọn kan láàrin wa ti ń sọ fún oníbàárà pé «abẹ́ àwọ̀n lèyí ti wá», wọ́n sì ń fi owó lé e. Àwọn mìíràn ń bú ọjà ẹlẹgbẹ́ wọn pé òjìji ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú méjèèjì. Àtẹ wa kan náà ni, ẹ̀tẹ́ ẹnìkan ẹ̀tẹ́ gbogbo wa.

Tòmátì tó lómi jù, ó lè jẹ́ irúgbìn rẹ̀ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀, bíi tòmátì Yorùbá wa tó lómi tó sì kan, tí a sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àgbẹ̀ bu omi sí i títí dé ọjọ́ tó ká a. Ó lè jẹ́ pé àwọ̀n rẹ̀ ṣókùnkùn jù. Ẹ fi ọwọ́ àti ojú rà á, bí ẹ ti ń ṣe látilẹ̀wá. Ẹ wò ó bóyá ó le, bóyá ọrùn rẹ̀ kò sán, bóyá kò ní àmì funfun tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ tú apẹ̀rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ dá owó lé, kì í ṣe ibi tó ti wá.

OKO GBANGBA KÌ Í ṢE Ọ̀TÁ WA

A fẹ́ sọ èyí pẹ̀lú, nítorí a gbọ́ ohun tí àwọn kan sọ nínú ìpàdé, pé tí a bá ti ní àwọ̀n, a ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Òkè Ọya.

Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2021. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáṣá, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba ti ọjà. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti ẹran bọ̀ láti Òkè Ọya tún dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Àtẹ wa ṣófo. Tòmátì ń jẹrà lọ́dọ̀ wọn, ìkòkò ń gbẹ lọ́dọ̀ tiwa. Èrè wo ni ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀? Ohun tí a rí kọ́ ni pé kò dára kí gbogbo ẹyin wà nínú agbọ̀n kan. Kì í ṣe pé ká wá fọ́ agbọ̀n tó wà nílẹ̀. Tòmátì oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọjà fi ń kún, kò sí àwọ̀n tó lè gbé e jáde ní iye owó yẹn.

Ohun kan sì wà tí kò ní àwọ̀n nínú rárá. Tòmátì tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ọparun máa ń wà lójú ọ̀nà tó ọjọ́ méjì, tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀, àwọn èèyàn á tún jókòó lé e lórí. Ohun tí à ń pàdánù nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ ń dà á sílẹ̀. Àpótí oníke tí kì í tẹ̀, tí wọ́n ń tò lé ara wọn, ń gba púpọ̀ là nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ lórí tòmátì, kó má gbàgbé ibẹ̀.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ FỌWỌ́ SÍ

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, nǹkan márùn-ún la máa gbé síwájú yín.

Èkíní: a kò ní fi owó alájẹṣẹ́kù ra àwọ̀n lọ́dún yìí. Owó yẹn, owó tí ẹni tó ni ín lè béèrè lọ́la ni. Owó ìdánwò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ owó ìlé ìwé ọmọ ẹlòmíràn.

Èkejì: àwọn onítòmátì tó bá fẹ́ nìkan ni kó dá owó kékeré jọ, lọ́tọ̀, kí oníkálùkù dá iye tí kò ní pa á lẹ́kún bó bá lọ.

Ẹ̀kẹta: àgbẹ̀ kan ṣoṣo la ó fi bẹ̀rẹ̀, tó ní omi nítòsí, tí kò gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá sórí ilẹ̀ náà lọ́dún tó kọjá. Ìdajì oko lábẹ́ àwọ̀n, ìdajì ní gbangba. Àwọ̀n pupa tàbí funfun tó ń dán, kò gbọ́dọ̀ ju 40 lọ. Kíká rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí oṣù Karùn-ún àti Kẹfà.

Ẹ̀kẹrin: kí a lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Ìdí-Iṣin níbí, tí wọ́n ti wà láti ọdún 1975, kí wọ́n bá wa wo ilẹ̀ àti irúgbìn kí a tó ná kọ́bọ̀. Ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n wà. Kí là ń dúró dè?

Ẹ̀karùn-ún: kí a kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀: owó àwọ̀n, owó òpó, owó epo, owó alágbàṣe, iye àpótí tó jáde ní ìdajì kọ̀ọ̀kan, àti iye tí a tà á. Inú ìwé yìí la ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo yín. Tí èrè abẹ́ àwọ̀n bá ju ti gbangba lọ lẹ́yìn tí a bá yọ owó àwọ̀n kúrò, nígbà náà ni ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ á tún pàtẹ́wọ́, a ó sì bá yín pa á. Tí kò bá jù ú, àwọn díẹ̀ ló pàdánù díẹ̀, ẹgbẹ́ ṣì wà.

Ọkùnrin tó kó àwọ̀n wá kò ṣẹ̀ wá. Ó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ bí àwa náà. Tó bá gbà láti ta èyí tó kéré fún wa ní iye tó tọ́, kó wá. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn ìyá wa tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ kò fi eré kó owó rẹ̀ jọ, a kò ní fi eré ná an.

Ẹ wá sí ìpàdé. Ẹ má dúró sílé kí ẹ wá máa sọ pé wọ́n ti ṣe é tán. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ níbẹ̀, kó má sọ ọ́ nídìí àtẹ.

Olúwa á bù sí ọjà wa. Òfò kò ní jẹ́ tiwa. Tòmátì wa kò ní jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́ o. Àṣẹ.

Akọ̀wé, fún Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́